Ìdarí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ fún ọ̀rọ̀ àwùjọ àwọn elétò ààbò lórí nẹ́tíwọọ̀kì fóònù

Bí ayẹyẹ bá wà ní Eagle Square l'Ábújá, ọlọ́pàá, panápaná, sífú dìfẹ́ńsì, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti àwọn oníṣègùn pàjáwìrì á kún ojú ilẹ̀ kékeré kan. Bí wọ́n bá ń lo fóònù LTE (4G) dípò wokí-tokí àtijọ́, ẹnì kan á tẹ bọ́tìnnì, ọ̀pọ̀ èèyàn á gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ohùn náà lè gbà dé etí wọn. Nẹ́tíwọọ̀kì lè da ohùn kan kọ ní ẹ̀dà púpọ̀, kí ó fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí fóònù kọ̀ọ̀kan: ọ̀nà ẹnìkọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni máàsì á gbé e sáfẹ́fẹ́, tí gbogbo fóònù tó wà lábẹ́ rẹ̀ á gbọ́ ọ papọ̀. Ọ̀nà kejì yìí, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ni wọ́n ń pè ní eMBMS.

Gbígbé ohùn sáfẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ nira. Ìdarí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà: báwo ni fóònù ṣe máa mọ ibi tí yóò tẹ́tí sí, ta ló ní àyè láti sọ̀rọ̀, kí sì ni fóònù máa ṣe bí ohùn afẹ́fẹ́ bá ń kú lọ lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà ni ìtọ́sọ́nà yìí yóò dúró sí jù.

Ìwé àti ẹ̀yà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀

Àwọn 3GPP, ẹgbẹ́ tó ń kọ ìlànà nẹ́tíwọọ̀kì fóònù fún gbogbo ayé, ló kọ ìlànà náà; Release ni ẹ̀dà ìlànà wọn, TS sì ni ìwé ìlànà kọ̀ọ̀kan. MCPTT, ètò tẹ-bọ́tìnnì-sọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ ààbò, wọlé pẹ̀lú Release 13 ní 2016. Fídíò àti dátà tẹ̀ lé e nínú Release 14. TS 24.379 ló sọ bí ìpè ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí. TS 24.380 ló ní àyè ọ̀rọ̀ àti ìdarí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ nínú, òun lẹ máa ṣí jù lọ. TS 23.468 àti TS 29.468 wà fún ojúkò MB2 (ibi tí sáfà ti ń bá ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀), TS 33.180 wà fún ààbò ọ̀rọ̀. Ẹ má gbára lé àkópọ̀ tí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ bá fún yín. Ẹ ka 24.380 fúnra yín, pàápàá ibi tó ti tò àwọn táímà sí.

Bí ohùn ṣe ń rìn nìyí. Fóònù asọ̀rọ̀ á fi ohùn ránṣẹ́ sí sáfà MCPTT ní ọ̀nà ẹnìkọ̀ọ̀kan. Sáfà náà ní apá méjì: apá kan ń darí ìpè àwùjọ, tó ń pinnu ẹni tó ní àyè ọ̀rọ̀, apá kejì ń bójú tó àwọn oníbàárà tirẹ̀, òun ló sì ń pinnu bóyá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ni wọn yóò fi gbọ́ tàbí ọ̀nà ẹnìkọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀, àṣẹ á gba MB2-C lọ sí BM-SC (ẹ̀rọ tó ń ṣètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́) lórí Diameter, ohùn á gba MB2-U lórí UDP. BM-SC á fi í fún MBMS-GW (ẹnu ọ̀nà rẹ̀), MBMS-GW á fi IP multicast (ìfiránṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan sí ọ̀pọ̀) gbé e lọ sí àwọn máàsì lórí M1, ọ̀nà tó so ó mọ́ wọn. MCE ló ń pín àyè rédíò fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣírò bóyá ẹ nílò rẹ̀

AMR-WB ni kódẹ́ẹ̀kì (ètò tó ń sọ ohùn di dátà) tí MCPTT fi dandan lé. Ní 23.85 kb/s, pákẹ́ẹ̀tì kan máa ń jáde ní gbogbo mílíìsẹ́kọ́ńdì (ms) 20, ohùn inú rẹ̀ jẹ́ báìtì 61. Ẹ fi báìtì 40 ti àkọlé IPv4, UDP àti RTP tó ń darí pákẹ́ẹ̀tì kún un, ó di 101. Báìtì 101, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó di 40.4 kb/s. Ìbòjú SRTP, tó ń fi ohùn pamọ́ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́ ọ, yóò tún fi díẹ̀ kún un, nítorí náà ẹ kà á sí 50 kb/s kí ọkàn yín balẹ̀.

Ká ní fóònù 50 wà lábẹ́ séèlì kan (àgbègbè tí máàsì ń bò), tí wọ́n jọ wà nínú àwùjọ kan. Ọ̀nà ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò gba 2.5 Mb/s lórí séèlì yẹn fún ẹni kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀. Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ yóò gba 50 kb/s. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìṣirò yìí. Kò sí fóònù tó ń dá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ lóhùn pé “mo gbọ́, mi ò gbọ́”, nítorí náà ẹni tó wà níbi tó burú jù ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n ìyára. Bíìtì kan lórí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ máa ń ná rédíò ju bíìtì kan tí a fún ẹni tó dúró nítòsí máàsì lọ. Bí olùgbọ́ lábẹ́ séèlì kò bá tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lórí ọ̀nà ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìdánwò yín ni yóò tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: MBSFN tàbí SC-PTM

Nínú MBSFN, ọ̀pọ̀ máàsì á gbé ohùn kan náà sáfẹ́fẹ́ ní àkókò kan náà gan-an, fóònù á gbọ́ gbogbo wọn bí ẹni pé máàsì kan ni. Èyí ń ṣe fóònù tó wà láàárín séèlì méjì lóore gidigidi. Àmọ́ ó fẹ́ kí aago àwọn máàsì bára mu, kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí ohùn wọn ṣe ń dé má sì kọjá 16.7 µs, ìyẹn bíi kìlómítà 5 ìrìn. Lórí FDD (níbi tí àlọ àti àbọ̀ ń lo ọ̀nà rédíò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀), ṣáájú Release 14, subframe (ìgé àkókò kékeré lórí rédíò) tí a lè yà sọ́tọ̀ fún un kò lè ju 6 nínú 10 lọ. Bí ẹ bá sì ti ya subframe sọ́tọ̀, odindi rẹ̀ ló lọ, kódà bó jẹ́ àwùjọ kan ló ń sọ̀rọ̀.

SC-PTM dé nínú Release 13. Séèlì kọ̀ọ̀kan ń dá ṣe tirẹ̀, ìwọ̀n àyè tí ohùn náà nílò nìkan ló ń gbà nínú ọ̀nà dátà tó wà tẹ́lẹ̀. Kò bèèrè pé kí aago máàsì bára mu. Ojú ìwòye wa ni pé kí ẹ lo SC-PTM fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní Kubwa, Nyanya tàbí Lugbe, níbi tí àwùjọ kò ti pọ̀ tí wọ́n sì ń rìn kiri. Kí ẹ fi MBSFN pamọ́ fún àárín ìlú, níbi tí máàsì ti sún mọ́ra tí èrò sì pọ̀.

Ohun méjì ló máa ń ba MBSFN jẹ́ lágbègbè yìí. Èkíní, bí eríàlì GPS máàsì kan bá kú, aago rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sá díẹ̀díẹ̀. Máàsì náà kò ní dákẹ́. Ohùn rẹ̀ á di ariwo sí etí àwọn fóònù tó wà láyìíká rẹ̀. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ jáde kúrò nínú MBSFN bí ó bá ti pàdánù GPS kọjá àkókò tí aago inú rẹ̀ lè fara dà. Èkejì ni máàsì tó ń gba VSAT. Sátẹ́láìtì tó dúró lójú kan lókè ọ̀run ń gba nǹkan bí 250 ms ní àlọ nìkan. Bí ẹ bá kó irú máàsì bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó ní fáíbà, gbogbo àgbègbè náà á ní láti dúró dè é. Ìlànà sì sọ pé láti ẹnu dé etí kò gbọ́dọ̀ tó 300 ms nínú ọ̀rọ̀ 95 nínú 100. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àgbègbè ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́

Ẹ fún àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà SAI tirẹ̀. Òdo dúró fún gbogbo nẹ́tíwọọ̀kì, nítorí náà ẹ má fi òdo dánwò láéláé. Ẹ fi séèlì òkè Mpape wọ àgbègbè tí ó ń tàn sí, kì í ṣe àgbègbè tí ó dúró sí lórí máàpù. Máàsì orí òkè máa ń dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Ẹ rìn ín pẹ̀lú fóònù ìdánwò kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú àwọn ìkéde SIB tí máàsì ń ṣe fún fóònù, ẹ wò ó bóyá SIB15 ń kéde SAI náà, bóyá SIB13 wà fún MBSFN tàbí SIB20 fún SC-PTM. Bí èyí tó kàn yín kò bá sí, fóònù ò ní mọ ibi tí ìdarí wà rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣí ọ̀nà kí ìpè tó dé

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lórí MBSFN, fóònù máa ń retí ìyípadà nínú MCCH (ọ̀nà ìdarí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́) ní àsìkò tí a ti dá, tó sábà máa ń jẹ́ 5.12 tàbí 10.24 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bearer (ọ̀nà tí ohùn ń gbà), ọ̀rọ̀ á ti tán kí ọ̀nà tó là. 300 ms ni ìlànà fún yín láti ìgbà títẹ bọ́tìnnì dé ìgbà tí àyè bá sílẹ̀, nínú ìbéèrè 95 nínú 100. Ẹ ṣí bearer sílẹ̀ ṣáájú iṣẹ́.

Lórí MB2-C, sáfà yóò kọ́kọ́ bèèrè TMGI (nọ́ńbà tí a fi ń dá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kan mọ̀) lọ́wọ́ BM-SC pẹ̀lú GCS-Action-Request. TMGI ní nọ́ńbà iṣẹ́ tó jẹ́ báìtì 3, MCC (nọ́ńbà orílẹ̀-èdè) àti MNC (nọ́ńbà nẹ́tíwọọ̀kì) nínú. Fún Nàìjíríà, MCC ni 621. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí a ṣí bearer, yóò sì sọ SAI àti ìwọ̀n iṣẹ́ tó fẹ́. Ẹ lo QCI (nọ́ńbà ìpele iṣẹ́) 65 fún ohùn: ìdádúró rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 75 ms, ìpàdánù pákẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ ju 1 nínú 100. Fún àmì ìdarí tó ń gba ọ̀nà ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹ lo QCI 69. Ẹ fún bearer ní ARP (ipò rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀nà) tó lè ti àwọn yòókù kúrò lọ́nà.

TMGI ní ọjọ́ tí ó ń kú. Bí sáfà kò bá tún un ṣe kí àkókò rẹ̀ tó pé, BM-SC á gbà á padà, bearer á sì kú láàárín iṣẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ rí i dájú pé sáfà ń tún un ṣe fúnra rẹ̀, pé ó sì ń ka GCS-Notification-Request tí BM-SC fi ránṣẹ́. A ti rí sáfà tó ń dáhùn ìkìlọ̀ náà dáadáa, síbẹ̀ tí kì í fi ohunkóhun ṣe é.

MSP náà tún wà: òun ni àsìkò tí MBSFN fi ń tò ohùn. Bí ẹ bá fi í sí 320 ms, ẹ ti jẹ 300 ms tán kí ohùn tó jáde. Ẹ fi í sí 80 ms, tàbí 40 ms bí ẹ̀rọ yín bá gbà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ sọ fún fóònù

Sáfà yóò fi SIP MESSAGE (ìránṣẹ́ ètò ìpè) ránṣẹ́ sí fóònù kọ̀ọ̀kan. XML tó wà nínú rẹ̀ ń sọ TMGI, QCI àti àwọn SAI. SDP tó tẹ̀ lé e ń sọ àdírẹ́sì àti pọ́ọ̀tù ojú ọ̀nà àpapọ̀ tí fóònù yóò máa tẹ́tí sí fún àṣẹ. Bí fóònù bá ti wọ àgbègbè náà, tó sì ń gbọ́ TMGI dáadáa, yóò dá MESSAGE padà pé “listening”.

Ẹ jẹ́ kí òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rú: sáfà kò gbọ́dọ̀ gé ọ̀nà ẹnìkọ̀ọ̀kan fún fóònù tí kò tíì sọ pé òun ń gbọ́. Àwọn kan máa ń gé e ní kété tí ìkéde bá ti lọ, kí wọ́n lè fi àyè pamọ́. Fóònù tó wà lẹ́yìn ògiri, tàbí tí módẹ́ẹ̀mù rẹ̀ kò mọ eMBMS, á wà níbẹ̀ láìgbọ́ nǹkan kan, ẹni tó mú un dání á sì rò pé ojú ọjọ́ pa rọ́rọ́.

Ẹ kọ ID àwùjọ ní lẹ́tà lásán tí kò ní àmì, nítorí URI (irú àdírẹ́sì) ni. Orúkọ tí yóò hàn lójú fóònù lè ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn, bí XML bá ti jẹ́ UTF-8 láti òkè délẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ so àwùjọ mọ́ ọ̀nà

Bearer kan lè gbé àwùjọ púpọ̀. Bí ìpè bá bẹ̀rẹ̀, sáfà yóò fi Map Group To Bearer ránṣẹ́ lórí ojú ọ̀nà àpapọ̀. Pákẹ́ẹ̀tì RTCP APP (pákẹ́ẹ̀tì ìdarí) ni, irú 204, orúkọ rẹ̀ sì ni MCMC. Ó ń sọ ID àwùjọ, TMGI, àdírẹ́sì, pọ́ọ̀tù ohùn àti pọ́ọ̀tù àyè ọ̀rọ̀. Bí ìpè bá parí, Unmap Group To Bearer yóò tú u.

Afẹ́fẹ́ lè gbé àṣẹ yìí sọnù, kò sì sí fóònù tó máa sọ pé òun kò rí i gbà. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí sáfà máa tún un fi ránṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ìpè bá ń lọ. Àtúnsọ yìí náà ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yóò fi rí àwùjọ rẹ̀. Ìlànà fún yín ní 150 ms fún ẹni bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ìbòjú, 350 ms bí ó bá wà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí àwùjọ méjì gba pọ́ọ̀tù kan náà lórí àdírẹ́sì kan. Bí kọ́kọ́rọ́ wọn bá yàtọ̀, ohùn á máa já. Bí kò bá sí ìbòjú, ohùn panápaná á wọ inú ti ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí sáfà kan ṣoṣo máa pín pọ́ọ̀tù, kí ó má sì tún pín pọ́ọ̀tù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: àyè ọ̀rọ̀

Ìdarí àyè ọ̀rọ̀ náà jẹ́ RTCP APP, orúkọ rẹ̀ ni MCPT. Floor Request (ìbéèrè àyè), Floor Granted (a fún un), Floor Deny (a kọ̀ fún un), Floor Revoke (a gbà á padà) àti Floor Release (ó jọ̀wọ́ àyè) máa ń gba ọ̀nà ẹnìkọ̀ọ̀kan. Floor Taken àti Floor Idle ni sáfà lè gbé sáfẹ́fẹ́, kí gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tàbí pé àyè ti ṣófo. Nǹkan mẹ́ta ló ń tẹ̀yìn èyí yọ.

Fóònù asọ̀rọ̀ yóò gbọ́ Floor Taken tó ń pe orúkọ tirẹ̀, yóò sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà láti orí afẹ́fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ da méjèèjì nù. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò rò pé wọ́n ti gba àyè lọ́wọ́ òun, yóò sì dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀.

Bí fóònù olùgbọ́ bá pàdánù Floor Taken, tí ohùn RTP sì ń wọlé, kí ó gbé ohùn náà jáde. Kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá orúkọ asọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà.

Bí fóònù bá fi Floor Request ránṣẹ́ tí kò rí èsì, yóò tún un fi ránṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá dá fún un, lẹ́yìn náà ni yóò juwọ́ sílẹ̀. Níbi tí èrò pọ̀ sí, ìbéèrè yìí gan-an ló ń há, nítorí ọ̀nà àlọ, láti fóònù sí máàsì, ti kún fún àwọn ará ìlú tó ń fi fídíò ránṣẹ́. Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kò ran ọ̀nà àlọ lọ́wọ́ rárá. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni QCI 69 àti kíláàsì ìwọlé inú síìmù: 12 fún iṣẹ́ ààbò, 14 fún iṣẹ́ pàjáwìrì. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn kíláàsì 0 sí 9, àwọn wọ̀nyí á ṣì wọlé.

Ipò ọlá, tó ń sọ ẹni tí àyè tọ́ sí ṣáájú, wà láti 0 dé 255. Ẹ má fún gbogbo ọ̀gá ní 255. Ẹ fi àyè òkè pátápátá sílẹ̀ fún ìpè pàjáwìrì, kí ẹni tí ìbọn ń dún sí létí lè gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń ka àṣẹ. Fún ìgbà tí ẹnì kan lè fi sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, ẹ fi táímà T2 sí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Bí bọ́tìnnì bá há mọ́ ìjókòó ọkọ̀, táímà yìí nìkan ni yóò gba àyè náà padà.

Ìpè àwùjọ kan tún wà tí ìlànà ń pè ní broadcast group call. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó lè bèèrè àyè, ìpè sì parí nígbà tí ó bá dákẹ́. Ó lè gba eMBMS, ó sì lè gba ọ̀nà ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ rédíò tí a ń sọ bọ̀. Àṣẹ “ẹ kúrò níbẹ̀ kíákíá” ló yẹ kí ẹ fi í ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìpadà sí ọ̀nà ẹnìkọ̀ọ̀kan

Fóònù tó ń kúrò ní àgbègbè gbọ́dọ̀ sọ pé “not-listening” kí ohùn tó já, kí sáfà lè ṣí ọ̀nà ẹnìkọ̀ọ̀kan fún un ṣáájú. Ẹ fún un ní òṣùwọ̀n: bí pákẹ́ẹ̀tì 5 bá sọnù nínú 100, ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2, kí ó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, kò sí pákẹ́ẹ̀tì ohùn láti kà. Fóònù tó ń wo RTP nìkan á máa wakọ̀ lọ sí Zuba pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ń gbọ́, títí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á fi sọnù sí i lọ́wọ́. Kí ó wo agbára àmì MBSFN láti ọ̀dọ̀ módẹ́ẹ̀mù, kí ó sì wo àtúnsọ àwọn àṣẹ lórí ojú ọ̀nà àpapọ̀.

Ẹ fi àlàfo sáàárín òṣùwọ̀n ìjáde àti ti ìpadàwọlé. Láìsí i, fóònù tó dúró létí àgbègbè á máa wọlé-jáde, MESSAGE rẹ̀ á sì kún sáfà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìbòjú

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ rédíò tó yẹ lè gba ohun tó wà lórí afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ má gbé ohùn lọ láìbò ó. Sáfà kọ́kọ́rọ́ ló ń fún fóònù ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. GMK ni ti àwùjọ, òun ló ń bo ohùn. MuSiK ló ń bo àṣẹ tó ń lọ lórí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. MIKEY-SAKKE ni wọ́n fi ń pín wọn, ó sì gbára lé aago. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú pátá, tó wá jí pẹ̀lú ọjọ́ àtijọ́, kò ní lè ṣí kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹni tó mú un á rí orúkọ asọ̀rọ̀, kò ní gbọ́ ohùn. Ẹ jẹ́ kí fóònù àti sáfà máa gba aago UTC kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ìdánwò

Ẹ máa ti ẹ̀gbẹ́ máàsì bọ̀ wá sẹ́yìn. Bí BM-SC bá ní bearer ti ṣí, tí ohùn kò sì jáde, M1 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Máàsì ń fi ètò IGMPv3 bèèrè multicast. Bí rọ́tà kan lójú ọ̀nà tí ẹ yá kò bá ní PIM-SSM (ètò tó ń gbé multicast láti rọ́tà dé rọ́tà), àṣẹ á kọjá, ohùn á kú síbẹ̀. Ẹ ka pákẹ́ẹ̀tì ní MB2-U, ní M1, lẹ́yìn náà ní fóònù: ibi tí iye ti dín kù ni àrùn wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná séèlì kan láàárín ìpè. Ẹ pa BM-SC. Ẹ gbé fóònù wọ ìsàlẹ̀ ilé alájà púpọ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn iye ms tí ó gbà kí ohùn tó padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ìdajì fóònù tó mọ eMBMS àti ìdajì tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Bí máàsì bá já kúrò lára nẹ́tíwọọ̀kì pátápátá, IOPS (máàsì tó ń dá ṣiṣẹ́) tàbí ProSe (fóònù sí fóònù tààrà) ló kù, ètò tiwọn sì yàtọ̀.

Lórí 5G, Release 17 mú MB-SMF (apá ìdarí) àti MB-UPF (apá tó ń gbé dátà) wá láti gbé irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀kọ́ àyè ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ́ níbí yóò wúlò fún yín níbẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ tú ọ̀nà ká ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé: Unmap fún àwùjọ kọ̀ọ̀kan, ìkéde tuntun fún fóònù pé bearer ti ń lọ, ìdúró díẹ̀ títí gbogbo wọn á fi sọ “not-listening”, pípa bearer, ìdápadà TMGI. Bí ẹ bá pa bearer ṣáájú ìkéde, ẹni tó ṣì wà lójú iṣẹ́ á ṣubú kúrò nínú àwùjọ rẹ̀. Bí ẹ bá sì gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀, àwọn subframe tí ẹ yà sọ́tọ̀ á wà níbẹ̀ láìṣiṣẹ́, àwọn ará Garki àti Wuse á sì máa fi íntánẹ́ẹ̀tì tó ń falẹ̀ sanwó rẹ̀.